Òkun Ló Ń Rán Òjò Sílé

Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo. Ọmọ Òrìṣà tó ń gbé ní Barking tàbí Dagenham, tó ń múra àtilọ, á béèrè lórí fóònù pé, "Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún?" Lọ́dún kan, wọn á ní òjò ti sinmi, ojú ọjọ́ kàn tutù ni. Lọ́dún mìíràn, wọn á ní kò dáwọ́ dúró rárá.

Ìbéèrè náà kọjá ti ìrìn àjò. Ẹni tó ń fi owó oko ránṣẹ́ sílé mọ̀ pé àgbàdo kejì tí wọ́n bá gbìn kí òjò tó padà lè gbẹ mọ́lẹ̀.

Ará Barking ń rí agbára Olókun lójú odò Roding, tó ń kún tó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lójú òkun Gulf of Guinea, níwájú Èkó, Kútọnu àti Lomé, ooru omi ni agbára náà fi ń hàn.

Láti oṣù karùn-ún, afẹ́fẹ́ máa ń ti omi tó gbóná sẹ́yìn ní agbedeméjì ayé, omi tútù á gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Omi tó gbóná tó nǹkan bí 28 Celsius ní oṣù kẹrin lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 24 ní oṣù kẹjọ. Ilẹ̀ á wá gbóná ju òkun lọ, á fa afẹ́fẹ́ tó rù omi wọlé, òjò á sì kọjá ilẹ̀ Yorùbá lọ sí òkè Hausa àti Sahel. Ìgbà náà ni òjò ń sinmi nílé.

Bí òkun ò bá tutù tó, òjò á dúró sí etíkun, ará Sahel á máa wojú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní 1984: Gulf of Guinea gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀dá sì mú Sahel gidigidi. Ní 1986, Chris Folland, Tim Palmer àti David Parker ti Met Office ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé òjò Sahel so mọ́ ooru omi òkun káàkiri ayé.

Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn wá láti ilẹ̀ Èkìtì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Olókun ni òjò tó ń kún un ti ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdọọdún, NiMet, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, máa ń kéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti bí ìsinmi rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Kí ẹ tó fi owó irúgbìn ránṣẹ́, ẹ bi àwọn ará ilé bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ.