"Ta Nìyí?": Bí A Ṣe Ń Ṣètò Fọ́tò Oge Nínú Ilé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí aago tó lù.

Láti ìgbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti tàn káyé lọ́dún 2024, kò sẹ́ni tí kò fẹ́ ya fọ́tò Ojúde Ọba. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyà la máa ń ṣe é, tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dá aṣọ tiwọn. Nígbà tí màmá àgbà mi múra tán, mo yà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, mo sì lọ tẹ fọ́tò náà jáde fún wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà.

"Ta nìyí? Èyí kì í ṣe èmi."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fóònù mi ti fọ ojú wọn funfun, ó ti pa gbogbo ìhunjọ rẹ́, kódà àmì dúdú abẹ́ ojú òsì wọn ti lọ. Wọ́n ní, "Fọ́tò tí ẹ máa gbé kọ́ sí pálọ̀ nígbà tí mi ò bá sí mọ́ ni mo fẹ́ kó jẹ́. Ṣé ẹlòmíì lẹ fẹ́ máa wò ni?" Mi ò lè dáhùn.

Mo gba ọ̀dọ̀ bọ̀dá kan tó ń ya fọ́tò ládùúgbò wa lọ. Bọ̀dá wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ọ̀sán gangan lo yà á, àbí?" Bẹ́ẹ̀ ni. Oòrùn wà lókè orí, gèlè sì ga, ó ṣíji bo ojú màmá. Fóònù rí òkùnkùn yẹn, ó fi tipátipá tàn án. Tí gèlè tàbí fìlà bá wà lórí, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá ni kí ẹ wá. Ẹ gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò láàárọ̀, kó jìnnà tó ìwọ̀n apá kan. Bí oòrùn bá ń wọlé tààrà, ẹ ta kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Ẹ pa iná gílóòbù, torí àwọ̀ iná àti ti ojúmọmọ máa ń jà lójú èèyàn. (NEPA sábà máa ń bá wa pa á fúnra wọn.) Kí ẹnì kan wá di páálí funfun mú lódìkejì wíńdò, kó lè dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣókùnkùn.

Aṣọ ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ná yín lówó. Seydou Keïta, tó ṣí sítúdíò ní Bamako, nílẹ̀ Mali, lọ́dún 1948, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Mùsíọ́mù ń gbé àwọn fọ́tò yẹn kọ́ lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń ya èèyàn, torí fíìmù wọ́n. Àwa ń ya ogójì, a ò rí ọ̀kan mú níbẹ̀! Ẹ ṣáà jẹ́ kí àga jìnnà sí aṣọ náà díẹ̀, kí òjìji má baà hàn lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló gba sùúrù. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ fọ́tò kò ti mọ àwọ̀ dúdú wò dáadáa. Láyé fíìmù, fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n lè fi díwọ̀n àwọ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pè é. Fóònù tiwa náà ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní agbedeméjì. Tí ẹni náà bá wọ léèsì funfun, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Tí ẹ̀yìn bá dúdú, ojú á tàn jù. Ẹ fi ìka tẹ ojú rẹ̀ lórí fóònù, ẹ dì í mú títí á fi dúró, kí ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré yẹn wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ pa "beauty" o, ẹ jọ̀ọ́!

Àtíkè níwọ̀nba sí iwájú orí àti imú, torí òógùn. Ẹ fi òrí díẹ̀ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dídán ló ń fi egungun ojú aláwọ̀ dúdú hàn. Tí ẹ bá fi àtíkè bo gbogbo rẹ̀, ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má sì súnmọ́ jù, imú á tóbi. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ fi 2x yà á.

Ní Sátidé, màmá tún gèlè wé. Àbúrò mi di páálí mú, ó ń ráhùn pé apá ń ro òun. Màmá le bí igi lórí àga, àfi ìgbà tí mo béèrè ẹni tó ń pẹ́ dé ìpàdé jù nínú ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu wọn tí mo fi tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n fi ìka kan àmì abẹ́ ojú náà.

"Ẹ̀n-ẹ́n, èmi nìyí." Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ṣùgbọ́n kí n má tíì gbé e kọ́.