Géèmù tí ajá ti ń bá olówó rẹ̀ jalè ní ṣọ́ọ̀bù!

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ìlútítun. Pupuru wà lórí iná, igi ti ń tán, ìyá pe ọmọ, ọmọ ní òun ń bọ̀, kò dé. Ọ̀gá télọ̀ ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù wá, òun náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, wọ́n máa pa mí!” Ta ló fẹ́ pa á? Ọ̀tá inú fóònù ni.

Ọ̀kan nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀ ni NetHack. Ọdún 1987 ló kọ́kọ́ jáde, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló sì ń tún un ṣe títí dòní láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Bó bá ti wọ inú fóònù, kò jẹ dátà mọ́, kò sì ní tẹ́tẹ́ kankan nínú.

Ihò abẹ́ ilẹ̀ ni èèyàn ń wọ̀, yàrá lábẹ́ yàrá, láti lọ gbé oǹdè kan jáde. Àmì @ ni èèyàn yẹn, lẹ́tà d sì ni ajá rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, tẹ̀ jáde ní 1938, irú ìrìn àjò yìí ò lè ṣàjèjì sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀mùtí inú ìwé Tutùọlá ti 1952, tó wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú òkú.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù inú ihò ọ̀hún ló máa dùn mọ́ ẹ̀yin ọlọ́jà. Oníṣọ́ọ̀bù kì í jẹ́ kí ẹni tó gbé díígà wọlé, torí ó lè fi dá ilẹ̀ lu, kó sì kó ọjà sá lọ. Bó o bá mú ọjà, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí títí wàá fi sanwó. Àlejò tó bá wọ ẹ̀wù aláràbarà, ṣe ni wọ́n ń fi ìdámẹ́ta lé owó ọjà fún un! (Àbí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀?) Ajá nìkan ni wọn ò rí mú. Ó lè gbé ọjà ní ẹnu, kó jù ú sílẹ̀ níta, ó di ti olówó rẹ̀ nìyẹn, kò sí gbèsè.

Ẹ̀rín pọ̀ nínú ikú ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó yó tán tó ṣì ń jẹun, oúnjẹ á há a lọ́fun, ó kú. Ẹni tí ebi fẹ́ pa lè gbàdúrà, òrìṣà rẹ̀ á bọ́ ọ yó. Bí kò bá jẹ́ kó pẹ́ tó tún fi ké pè é, inú á bí òrìṣà. Ẹni tó bá sì kú, ó kú nìyẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, á lọ bá iwin ara rẹ̀ ti ìṣáájú nínú ihò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù tó fi sílẹ̀.

Ibi tí ọmọ ti ń fi ikú yìí tan ìyá àti ọ̀gá jẹ rèé. Nínú NetHack, bí ọmọ ò bá tẹ nǹkan kan, ọ̀tá kì í ṣí ẹsẹ̀. Kó gbé fóònù sílẹ̀, kó lọ ṣẹ́ igi, kó pọn omi kún ìkòkò. Ibi tó fi ọ̀tá sí náà ló máa padà bá a.