Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ẹ̀yìn

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dé ilé tí ọmọkùnrin bá wà. Ọmọ á ti ilé-kéú dé, kò ní tíì ṣí fìlà, bọ́ọ̀lù á ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó bá di ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, á ní òun kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́, bọ́ọ̀lù ni òun fẹ́ gbá, ìlú ọba ni òun sì fẹ́ lọ. Bàbá á bínú. Ìyá á dákẹ́, á máa wo ojú ọmọ. Kí ni kí òbí sọ?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ọkùnrin kan dáhùn. Zesh Rehman ni orúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ọmọ àwọn ará Pakísítánì tí ó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ẹni tí ẹ máa rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Kì í ṣe ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tí gbogbo ayé ń hó. Ẹ̀yìn ni ó ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ bọ́ọ̀lù jẹ́ gan-an, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ó wò, nítorí pé irú wọn ló pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ náà.

ÀKÀBÀ ONÍPELE MẸ́RIN

Kí ìtàn wa lè yé yín, ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe to bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkàbà ni. Ipele mẹ́rin ni ó ní, ẹgbẹ́ 92 ni ó sì wà lórí rẹ̀. Premier League ló wà lókè pátápátá, ẹgbẹ́ 20 ni ó wà níbẹ̀. Àwọn ni ẹ̀ ń gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu àwọn ọmọ yín. Lábẹ́ rẹ̀ ni Championship wà, lẹ́yìn náà League One, lẹ́yìn náà League Two. Ẹgbẹ́ 24 ni ó wà nínú ipele kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe dáadáa lọ́dún kan á gòkè, èyí tí kò bá ṣe dáadáa á sọ̀ kalẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ yìí, iṣẹ́ pọ̀ ju òkìkí lọ. Láti oṣù Ògọ́ọ́sì títí di oṣù Méè, ìdíje 46 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá nínú líìgì nìkan, nínú òjò, nínú yìnyín, ní ọ̀sán Sátidé àti ní alẹ́ àárín ọ̀sẹ̀. Bí oṣù Méè bá sì dé, olórí ẹgbẹ́ á gbé ìwé jáde: àwọn wọ̀nyí ni a óò dá dúró, àwọn wọ̀nyí ni kí wọ́n máa lọ. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ bá parí, ó di dandan kí ó wá ibòmíràn, ìbáà jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

ỌMỌ BIRMINGHAM

Ìlú Birmingham ni wọ́n ti bí Zesh Rehman ní oṣù Òkítóbà, 1983. Láti kékeré ni ó ti wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Fulham ní London, wọ́n sì rí i pé ó ga, ó lágbára, ó sì ní sùúrù. Wọ́n fi í sẹ́yìn. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìyá nínú ilé. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, kò sẹ́ni tí yóò mẹ́nu kàn án. Bí ó bá dá ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù padà, tí ẹyọ kan péré wá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹyọ kan yẹn ni wọ́n máa rántí. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára bọ́ọ̀lù, kí ó tún wà lára ẹni tí ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa kígbe sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tò dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ fò, kí ó sì fi orí gbá bọ́ọ̀lù tí ó ń ti òkè bọ̀.

Ní 2003, Fulham fi í yá Brighton, ìlú etí òkun ní gúúsù, tí ó wà ní ipele kẹta nígbà náà. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí àwọn àgbà ọkùnrin ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ gúnni. Ní 2004, Fulham gbé e wọlé láti ìjókòó ìta nígbà tí wọ́n lọ bá Liverpool ní Anfield. Ẹni tí ó ti wà nísàlẹ̀ lánàá ti wà lókè téńté àkàbà lónìí. Ó sì wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ láti inú ìdílé tó ti Pakísítánì tàbí Íńdíà wá tí ó gbá bọ́ọ̀lù ní ipele náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ó bá jẹ́ ìtàn àlọ́ ni, ibẹ̀ ni à bá parí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, kì í ṣe àlọ́. Òkè téńté kò gba gbogbo ènìyàn.

IRIN-ÀJÒ PẸ̀LÚ BÁÀGÌ LỌ́WỌ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, wọ́n tún fi í yá Norwich ní ìlà oòrùn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan náà, ó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Queens Park Rangers ní London, ní ipele kejì. Láti ibẹ̀, wọ́n tún fi í yá Brighton ní 2007, wọ́n sì fi í yá Blackpool ní 2008, ìlú mìíràn létí òkun, ṣùgbọ́n òkè àríwá pátápátá ni ìyẹn. Ní oṣù Jánúárì 2009, ó gba Bradford lọ, ìlú tí ó tó igba máìlì sí London, ní ipele kẹrin, ní ìsàlẹ̀ àkàbà gan-an. Ẹgbẹ́ mẹ́fà láàárín ọdún mẹ́fà.

Kí ni à ń pè ní yíyá yìí? Ẹgbẹ́ tí ó ni ọ́ kò tíì nílò rẹ, ẹgbẹ́ mìíràn sì ń wá ènìyàn. Wọ́n á ní kí o lọ bá wọn ṣiṣẹ́ fún oṣù kan tàbí mẹ́ta. O kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Inú ilé ìtura tàbí yàrá tí wọ́n háyà ni o máa sùn. Bí o bá wá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ àwọn tí ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù tán, ìgbà ti pé, kí o padà. Ìyá tí ó bá rò pé òun máa lọ gbé pẹ̀lú ọmọ òun nínú ilé ńlá ní ìlú ọba, kí ó kọ́kọ́ ronú sí èyí.

Ẹ má ṣàìfiyè sí Queens Park Rangers tí mo dárúkọ yẹn. Ní 1956, àádọ́ta ọdún géérégé kí Rehman tó dé ẹnu ọ̀nà wọn, ọmọ Èkó kan ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà. Tesilimi Balógun ni, ẹni tí àwọn bàbá wa ń pè ní Thunder, nítorí pé bí àrá ni bọ́ọ̀lù ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí púpọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Iwájú ni òun ń gbá, kì í ṣe ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àkàbà ni òun náà ti jẹun. Títí di 1961, òfin kò jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba owó ọ̀sẹ̀ tí ó ju iye kan lọ. Nígbà tí wọ́n fagi lé òfin náà, 20 pọ́ùn ni òpin rẹ̀. Nígbà tí Balógun padà sílé, iṣẹ́ kíkọ́ni ni ó mú ṣe títí ó fi kú ní 1972. Pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ṣí ní Sùúrùlérè ní 2007, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Kì í ṣe gólì tí ó gbá ní London ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù, bí kò ṣe ohun tí ó padà wá ṣe nílé.

BRADFORD

Ẹnìkan lè sọ pé ìṣubú ni kí ènìyàn kúrò ní ipele kìíní kí ó dé ipele kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bradford jẹ́ ìlú tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí; ìkànìyàn 2021 fi hàn pé nínú ènìyàn mẹ́wàá níbẹ̀, bíi mẹ́ta jẹ́ Mùsùlùmí, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ìran Pakísítánì. Pápá ẹgbẹ́ náà kò jìnnà sí àdúgbò wọn. Níbi tí àwọn ọmọ ti ń wo ògiri pápá náà láti ìta bí ohun tí kò kàn wọ́n, wọ́n wá rí ẹni tí ń jẹ́ irú orúkọ tí àwọn ń jẹ́ ní àárín pápá. Wọ́n tún kà á sí ẹni àkọ́kọ́ nínú ìran tirẹ̀ tí ó gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ipele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, kò bá má ní orúkọ yìí. Ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, tí ó ń fi bọ́ọ̀lù fa àwọn ọmọdé mọ́ra.

Ó ti gbà láti gbá bọ́ọ̀lù fún Pakísítánì, ilẹ̀ àwọn òbí rẹ̀, láti 2005. Lẹ́yìn Bradford, ó lọ sí Tàìláǹdì, ó lọ sí Hong Kong, ó sì lọ sí Pahang ní Màlésíà, níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ife méjì ní 2014. Ní 2017, nígbà tí ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí Gillingham ní ipele kẹta. Níkẹyìn ó di olùkọ́. Ní 2021, Portsmouth gbà á kí ó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn.

ÀÀWẸ̀ ŃKỌ́?

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan ti ń béèrè pé: ṣé ọmọ yóò lè kírun níbẹ̀? Ṣé yóò lè gbààwẹ̀? Ìbéèrè rere ni. Ní ayé àtijọ́, ilé ọtí ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọrí sí lẹ́yìn ìdíje, ẹni tí kò bá sì bá wọn lọ, wọ́n á máa wò ó bí àlejò. Nǹkan ti ń yí padà. Ní oṣù Épírì 2021, nígbà tí Leicester àti Crystal Palace ń gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́, wọ́n dá eré dúró díẹ̀ nígbà tí oòrùn wọ̀, kí àwọn tó ń gbààwẹ̀ lè ṣínu. Láti 2023, wọ́n ti sọ fún àwọn adájọ́ pápá kí wọ́n máa fàyè gba irú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò kírun nílé kò ní lọ bẹ̀rẹ̀ ìrun ní Blackpool.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÌYÁ MỌ̀ NÍPA ORÍ

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún yín. Ní 2019, àwọn oníṣègùn ní Glasgow wo àkọsílẹ̀ àwọn 7,676 tí wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe rí ní ilẹ̀ Scotland. Wọ́n rí i pé àrùn tí ń ba ọpọlọ jẹ́, èyí tí ń mú àgbàlagbà gbàgbé ọmọ tí ó bí, pa wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ju àwọn ènìyàn mìíràn lọ. Ní 2021, wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò sí i: àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ni ó kàn jù, ó tó ìlọ́po márùn-ún, ti aṣọ́lé kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ará ìta. Fífi orí gbá bọ́ọ̀lù lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fura sí.

Nítorí èyí, láti 2020, wọ́n kò gbà mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní fífi orí gbá bọ́ọ̀lù. Ní 2021, wọ́n ní kí àwọn àgbà má fi orí gbá bọ́ọ̀lù líle ju ìgbà mẹ́wàá lọ lọ́sẹ̀ nígbà ìdánrawò. Bí ọmọ rẹ kékeré bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò, sọ fún ẹni tí ń kọ́ wọn: ẹsẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ ọ ná.

ÌDÁHÙN WA

Nítorí náà, ìyá ọmọ, bàbá ọmọ, bí ọmọ bá ní bọ́ọ̀lù ni òun fẹ́ gbá, ẹ má lù ú, ẹ má sì ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni, bíi káfíńtà, bíi télọ̀. Pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é kò ní dé òkè téńté. Pé bí ó bá pẹ́ títí, ọmọ ọdún márùndínlógójì ni yóò jẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ máa sọ pé ó tó. Pé ohun tí ó bá kọ́ ní ilé ìwé àti ní ilé-kéú ni yóò bá a kalẹ́. Rehman kò di ìlú mọ̀-ọ́n-ká lójú ayé, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí wọ́n fi í sí ni ó ti ṣiṣẹ́, kò sì pa orúkọ rẹ̀ dà. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ lọ́nà di iṣẹ́ tuntun fún un.

Ọmọ tí ó bá gbọ́ gbogbo èyí, tí ó ṣì ní òun fẹ́, ẹ ra bàtà fún un, kí ẹ sì máa béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lálaalẹ́.

Kí Ọlọ́run Allah dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó ṣọ́ iwájú wọn, kí ó sì ṣọ́ ẹ̀yìn wọn. Àmín.