Àyè Aláàbọ̀ Ara Nínú Ẹ̀kọ́ Fisiotẹ́rápì

Yunifásítì Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ fisiotẹ́rápì kalẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1966. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà láti 1907. Aláàbọ̀ ara a máa wá gba ìtọ́jú ní irú ibẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí i láàrin àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ náà.

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ olójú ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ń mọ iṣan tí ó le. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n kọ́ àwọn sójà tí ogun fọ́ lójú ní Lọ́ńdọ̀nù ní iṣẹ́ wíwọ́ra, tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ fisiotẹ́rápì.

Ọ̀yọ́ pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀rí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkọ́ni Àkànṣe ti Ìjọba Àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1977, ti ń kọ́ afọ́jú àti adití pọ̀ mọ́ àwọn yòókù láti di olùkọ́.

Níbo wá ni ìdènà wà? Òfin aláàbọ̀ ara tí a fọwọ́ sí ní 2019 pàṣẹ ọ̀nà àbáwọlé tó rọrùn sí ilé ìjọba. Èyí dára, kò tó. Láìsí ìwé fisíìsì àti kẹ́mísírì ní bùrẹ́lì, ọmọ afọ́jú kò lè dé ẹnu-ọ̀nà náà rárá. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.