Sòbìà Tó Kú Sínú Itan Mi



Ní ọdún tó kọjá, ìbàdí ń dùn mí débi pé n kò lè jókòó pẹ́ nídìí ọpọ́n. Ọmọ mi obìnrin fà mí lọ sí ọsibítù, wọ́n ya ẹ́síréè. Dókítà kékeré tó gbé fíìmù náà síwájú iná wò ó títí, ó ní, "Baba, kí ló wà nínú itan yín yìí?" Ohun funfun kan ni, ó lọ́ bí okùn tí ọmọdé sọ nù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi. Ìyẹn ò tíì sún mọ́ fíìmù dáadáa tó fi bú sẹ́rìn-ín. "Sòbìà ni! Baba, oko wo lẹ gbé ní kékeré?"

Oko wa ò jìnnà sí Lálúpọn, ní Lágelú. Ẹ̀yin ọmọdé ilé lè má mọ sòbìà rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò á gbẹ, á ku ọ̀gọ̀dọ̀. Gbogbo wa á wọ inú rẹ̀ lọ pọnmi, ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ náà á wọ̀ ọ́ kí ara lè tù ú. Aràn yẹn á tú ọmọ rẹ̀ sómi, kòkòrò omi tójú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí á gbé e mì, àwa á sì mu kòkòrò mọ́ omi. Ó di bí ọdún kan kó tó yọ, òmíràn sì gùn tó mítà kan. Mo tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ọ̀kan yọ sí mi ní kókósẹ̀. Ìyá mi ń ká a mọ́ igi tín-ín-rín, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń fi olúgàǹbe àti epo pupa sí i. Bó bá já, ẹsẹ̀ á wú, á di egbò ńlá. Odindi táàmù kan ni n kò fi dé ilé ìwé.

Èyí tí kò bá rí ọ̀nà jáde á kú sínú ara. Ara á fi ohun kan bí ẹfun bò ó títí á fi le bí òkúta. Òun ni mo ti ń gbé kiri láti bí àádọ́ta ọdún láìmọ̀.

Nígbà tí a délé, ọmọ mi wo fóònù rẹ̀, ó ní èmi nìkan kọ́. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkú ọmọbìnrin kan wà tó wá láti Íjíbítì. Nọ́ńbà 1770 ni wọ́n ń pè é. Ó ti ju 1,500 ọdún lọ tí wọ́n ti fi oògùn àti aṣọ dì í kó má baà jẹrà. Ní 1975, Rosalie David àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú aṣọ náà. Ọmọ bí ọdún mẹ́rìnlá ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti gé, àwọn tó tọ́jú òkú fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ẹ́síréè sì fi sòbìà tó ti le hàn nínú ikùn rẹ̀, irú tèmi gan-an. Ìwé ìṣègùn kan tún wà ní Íjíbítì, ó ti tó 3,500 ọdún, táwọn onímọ̀ kà á sí pé ó sọ bí wọ́n ṣe ń fi igi ká aràn yìí jáde. Bí ìyá mi ti ṣe é nìyẹn o!

Orúkọ tí wọ́n fún ọmọ yẹn ló bà mí nínú jẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ, nọ́ńbà! Ti New York tẹ́ mi lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kan ibi tí wọ́n sin àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sí, ní 1991, òkú tí wọ́n hú ju 400 lọ. Wọ́n yẹ egungun wò, wọ́n rí àpá ebi, àìsàn àti iṣẹ́ àṣekú lára wọn, wọ́n sì dá gbogbo wọn padà sílẹ̀ ní 2003 pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Ilẹ̀ pupa tiwa níhìn-ín máa ń jẹ egungun. Òkú Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, tí Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn hú ní 1965, ju 11,000 ọdún lọ, ṣùgbọ́n abẹ́ àpáta ló wà.

Mo fẹ́ sọ èyí tó wúwo. Àwọn àgbà wa máa ń ní sòbìà kì í ṣe àìsàn àkóràn, pé iṣan kan ni tó wà lára gbogbo èèyàn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1988, àwọn elétò ìlera gbé asẹ́ aṣọ àti oògùn ọ̀gọ̀dọ̀ wá sí oko wa. Nàìjíríà nìkan ní ju 650,000 ẹni tí sòbìà ń yọ lára lásìkò yẹn. Mo ti tẹfá, ẹnu mi ti ń ràn. Mo ní omi òrìṣà ni, kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan sí i. N kò dá Ifá kí n tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tẹnu mi ni.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, sòbìà yọ sí orúnkún ọmọ aládùúgbò wa, ó já. Orúnkún náà gan, kò ká mọ́ títí dòní.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà ní ká bi Ifá. A bi í, a ṣètùtù fún odò, wọ́n da oògùn sí i. Kòkòrò kú, ẹja ò kú. Ọ̀gágun Gowon pàápàá wà lára àwọn tó ń káàkiri ìletò nítorí iṣẹ́ yìí. Sòbìà ìkẹyìn ní Nàìjíríà yọ ní 2008, ní ìpínlẹ̀ Ẹnugu, àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Kò tíì tán láyé o. Ní Chad, láti 2012, ara ajá ló ti ń yọ jù, ó ju ti èèyàn lọ fíìfíì. Ẹ̀yin ọmọ Ògún, ẹ gbọ́.

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé fíìmù mi lọ bá ọmọ aládùúgbò yẹn ní ọjà Lálúpọn, níbi tó ti ń tún bàtà ṣe. Òun náà ti hewú. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó, ó dá a padà fún mi. Ó na ẹsẹ̀ tí kò ká yẹn síwájú, ó ní, "Baba, tèmi ò nílò fíìmù." Mo jókòó tì í títí ọjà fi tú.