Kí A Tó Ra Fúláàtì Nínú Ilé Àjọni: Owó Ìtọ́jú, Òfin Ilé àti Ohun Àjọlò ní Ojú Àwọn Ará Bantè àti Savalou

1. Ìfáárà

Ní Bantè àti ní Savalou, ilẹ̀ ni a sábà máa ń rà tàbí tí a ń jogún, kí a tó kọ́ ilé sí orí rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn ra apá kan nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ẹlòmíràn sì ni apá yòókù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú méjèèjì pọ̀ ní Cotonou àti ní Abomey-Calavi, ní ibi tí ilẹ̀ ti wọ́n tí ilé alájà sì ń pọ̀ sí i. Ìjọba pàápàá gbé ètò ilé 20,000 kalẹ̀, tí apá ńlá rẹ̀ wà ní Ouèdo, ní Abomey-Calavi. Nítorí náà ni ìbéèrè kan ṣe ń dé etí mi léraléra láti ẹnu àwọn òbí àti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ Ìṣà, Ifẹ̀ tàbí Mahi: ṣé kí á wá ilẹ̀ ni, àbí kí á ra appartement? Appartement yìí ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní fúláàtì, ọ̀rọ̀ náà sì ni n ó máa lò.

Ìdáhùn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni. Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ. Ẹni tí ó ra fúláàtì ra nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ra yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ra ìpín nínú òrùlé, àtẹ̀gùn, táǹkì omi, ògiri ìta àti gbèsè gbogbo ilé. Iye tí a san ní ọ́fíìsì notaire, ti àkọ́kọ́ nìkan ni a fi ń rò ó. Èkejì ni a ó máa san títí tí a ó fi ta ilé náà tàbí tí a ó fi kú. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé àjọni pẹ̀lú yẹ ní wíwò.

2. Agbo ilé àti ilé àjọni

Níní nǹkan pọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Nínú agbo ilé, olúkúlùkù ló ní yàrá tirẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlá, kànga àti ẹnu ọ̀nà jẹ́ ti gbogbo ilé. Bí ògiri bá wó, baálé yóò pe ìpàdé. Ẹni tí ó ní owó yóò mú owó wá, ẹni tí kò ní yóò fi agbára ṣiṣẹ́. Bí oko ẹnì kan kò bá ṣe dáadáa lọ́dún yẹn, a ó ní sùúrù fún un. Ẹni tí ó bá sì kọ̀ láìnídìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò jáde ní ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Kò sí ìwé, ṣùgbọ́n ẹbí wà níbẹ̀, ẹbí sì ni ó ń mú kí òfin múlẹ̀.

Nínú ilé àjọni ní Cotonou, ẹni tí a jọ ń gbé lè jẹ́ Fọ̀n, Gùn, Bàrìbá tàbí àlejò láti òkè òkun. Kò sí baálé, kò sì sí ẹbí tí yóò bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun mẹ́ta ni ó dúró ní ipò wọn: ìwé òfin ilé, èyí tí Faransé ń pè ní règlement de copropriété, ìpàdé gbogbogbò àwọn onílé, àti syndic, ẹni tí ìpàdé yàn láti gba owó, san owó, kí ó sì bójú tó iṣẹ́. Òfin ilẹ̀ Faransé ti ọjọ́ 10 oṣù keje 1965 ni ó to àwọn nǹkan wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ, àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni a sì ń bá pàdé nínú ìwé títà fúláàtì ní ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó fẹ́ ra ilé ní Bẹ̀nẹ̀ gbọ́dọ̀ bi notaire rẹ̀ léèrè òfin tí ó de ilé tí òun fẹ́ rà gan-an. Ọ̀rọ̀ wá dé ibi kan náà: níbi tí ẹbí kò sí, ìwé ni a ó kà.

3. Owó ìtọ́jú: ìṣirò kan

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé ilé kan ní fúláàtì 12. A pín ilé náà sí ìpín 1,000: fúláàtì mẹ́rin tí ó tóbi ní ìpín 90 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ yòókù ní ìpín 80 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ọ̀dẹ̀, ìmọ́tótó, iná àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ tí ń fa omi, ìtọ́jú ihò ìdọ̀tí, ìdójútófò àti owó iṣẹ́ syndic jẹ́ 3,600,000 fránkì CFA lọ́dún. Ẹni tí ó ní ìpín 80 yóò san 288,000 lọ́dún, ìyẹn 24,000 lóṣù. Iye yìí ni ẹni tí ń ta ilé yóò sọ fún wa.

Ó kù síbì kan. Ká ní mẹ́ta nínú àwọn tí ó ní ìpín 80 kò san. Ìpín 240 ti jáde, 864,000 fránkì sì ti dín nínú owó ọdún. Ọ̀dẹ̀ kò ní gba ìdajì owó, SBEE kò sì ní dín owó iná kù nítorí pé aládùúgbò kò san. Nítorí náà, ìpín 760 tí ó kù ni yóò gbé gbogbo ẹrù náà. Owó ẹni tí ó ní ìpín 80 yóò gòkè láti 24,000 lọ sí ohun tí ó lé ní 31,500 lóṣù, tàbí kí iṣẹ́ dúró. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò ní. Àjọgbé pẹ̀lú kò dùn bí ẹnì kan kò san. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí á má bi ẹni tí ń tà ní iye owó oṣù nìkan. Kí á bi í pé: ta ni kò san, láti ìgbà wo, èló sì ni gbèsè gbogbo wọn?

Kí á tún béèrè gbèsè orí fúláàtì tí a fẹ́ rà gan-an. Ní ilẹ̀ Faransé, notaire gbọ́dọ̀ fi títà náà tó syndic létí, kí syndic lè dá gbèsè ẹni tí ń tà dúró nínú owó náà. Ní ibikíbi tí a bá wà, ó dára kí á gba ìwé lọ́wọ́ syndic pé fúláàtì náà kò jẹ gbèsè, kí á tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ohun kan wà tí ó kan àwa ará Collines ní pàtàkì. Owó kajú máa ń wọlé láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún. Owó iṣu tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, nígbà ọdún iṣu Savalou. Owó ìtọ́jú, ní tirẹ̀, ń dé ní oṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a kò sì lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rọ́pò rẹ̀ bí a ti ń ṣe nínú agbo ilé. Àgbẹ̀ tí ó ra fúláàtì fún ọmọ rẹ̀ lè má tálákà rárá, kí ó sì di onígbèsè ní oṣù kẹwàá. Kí ó béèrè bóyá syndic lè gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì yọ owó náà sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí ó bá ta kajú.

4. Owó ìpamọ́

Owó ìtọ́jú wà fún ohun tí a mọ̀ pé yóò dé lọ́dọọdún. Owó ìpamọ́ wà fún ohun ńlá tí ń dé lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́wàá tàbí ogún: òrùlé tí ń jò, táǹkì tí ó bẹ́, ògiri tí ó là. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí àtúnṣe òrùlé bá jẹ́ 6,000,000 fránkì tí àpótí sì ṣófo, ẹni tí ó ní ìpín 80 yóò mú 480,000 wá lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ìtọ́jú ogún oṣù nìyẹn.

Ilé tí owó ìtọ́jú rẹ̀ kéré jù máa ń wu ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn àìfipamọ́ ni ó mú kí ó kéré. Ní Surfside, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, apá kan ilé alájà 12 tí ń jẹ́ Champlain Towers South wó ní òru ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 2021. Ènìyàn 98 kú. Láti 2018 ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan ti kọ̀wé pé omi ti ba kọnkéré ibẹ̀ jẹ́ gidigidi. Owó ìpamọ́ àwọn onílé kò súnmọ́ iye àtúnṣe náà, wọ́n sì fi ọdún púpọ̀ jiyàn lórí rẹ̀. Ní 2021 ni wọ́n tó fẹnu kò lórí mílíọ̀nù 15 dọ́là. Àwọn olùwádìí rí àléébù nínú bí a ti ṣe ètò kíkọ́ ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe owó nìkan ni ó wó o. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ ti wà nínú ìwé ilé náà kí ó tó wó. Ní 2022, Florida ṣe òfin tí kò jẹ́ kí àwọn onílé máa fi owó ìpamọ́ fún àwọn apá tí ó gbé ilé ró sílẹ̀ láìdá. Ní ilẹ̀ Faransé, láti 2017, ọ̀pọ̀ ilé àjọni gbọ́dọ̀ máa fi ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún pamọ́.

5. Òfin ilé

Ìwé òfin ilé ni ó ń sọ ohun tí a lè ṣe nínú yàrá tí a fi owó wa rà. Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà á lẹ́yìn tí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀. Kí á kà á ṣáájú, kí á sì fi ìgbé ayé tiwa wé e. Ṣé a lè gún iyán ní àjà kejì, níbi tí ìró odó yóò máa sọ̀ sí orí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀? Ṣé ìyá láti Bantè lè wá gbé oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ọmọ? Bí òkú bá ṣẹlẹ̀, níbo ni àwọn àlejò yóò jókòó sí? Ṣé a lè ta ọjà nínú fúláàtì, tàbí kí á fi í háyà fún ẹlòmíràn?

Kí á tún wo bí a ṣe ń pinnu nǹkan. Ní ìlànà òfin 1965, ìbò ń tẹ̀lé ìpín, kì í ṣe orí: ẹni tí ó ní ìpín púpọ̀ ní ohùn púpọ̀. Bí ẹni tí ó kọ́ ilé náà bá ṣì ni fúláàtì méje nínú méjìlá, ohùn rẹ̀ yóò lágbára púpọ̀ nínú yíyan syndic, ó sì lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni syndic. Ẹni tí ó ń gbé ní Savalou gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òun lè fi ìwé rán ẹlòmíràn lọ dìbò fún òun.

6. Ohun àjọlò

Ẹ̀rọ amúnáwá, ọgbà ìwẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè: gbogbo wọn dára lójú. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí á bi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lónìí? Èló ni ó ń ná wa lọ́dún? Ṣé àwa yóò lò ó? Òfin 1965 yà wọ́n sọ́tọ̀: owó ohun èlò tí gbogbo ilé ń lò pọ̀ ń tẹ̀lé ìwúlò rẹ̀ fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n owó ìpamọ́ra ilé ń tẹ̀lé ìpín. Nítorí náà ni ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ kì í fi í san owó ẹ̀rọ agbéniròkè tí kò wúlò fún un. Kí á wò ó bóyá ìwé òfin ilé tí a fẹ́ rà ṣe irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú ni a fi ń mọ ìyókù. Kí á lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, kí á wo àjà tí ó kẹ́yìn. Kí á lọ nígbà tí iná lọ, kí á ṣí ẹ̀rọ omi lókè. Kí á kí ọ̀dẹ̀ dáadáa, kí á sì béèrè ìgbà tí ó gba owó kẹ́yìn. Ìdáhùn rẹ̀ lè sọ ohun tí ìwé ìṣirò kò sọ.

7. Ìwé ohun-ìní àti ogún

Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2013, tí a tún ṣe ní 2017, fi titre foncier ṣe ẹ̀rí ohun-ìní, ANDF sì ni ó ń bójú tó ìwé wọ̀nyí. Kí á béèrè bóyá fúláàtì náà ní ìwé tirẹ̀, àbí gbogbo ilé ṣì wà lábẹ́ ìwé kan ṣoṣo ní orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ èkejì, ìlérí ni a fẹ́ rà.

Kí á sì ronú nípa ọjọ́ iwájú. Lábẹ́ òfin ìdílé ti 2004, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin jọ ń jogún ní ọgbọọgba. Bí olówó bá kú, ọmọ márùn-ún lè di oní-fúláàtì kan, àjọni nínú àjọni. Owó ìtọ́jú kò ní dúró de ìpín ogún. Kí bàbá tàbí ìyá kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ayé wọn ẹni tí yóò máa san án, ẹni tí yóò máa lọ sí ìpàdé, àti ohun tí àwọn yòókù yóò dá fún un.

8. Àgbálọgbábọ̀

Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìwé márùn-ún ni kí á gbà kí á tó san kọ́bọ̀: ìwé òfin ilé, ìṣirò owó ọdún mẹ́ta, àkọsílẹ̀ ìpàdé mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, ìwé syndic lórí gbèsè àti owó ìpamọ́, àti ẹ̀rí titre foncier. Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ Faransé dáadáa nínú ẹbí, kí á sanwó fún ẹni tí yóò ka wọ́n sí wa létí ní èdè wa. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti fi wọ́n hàn ti dáhùn ìbéèrè wa. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé tuntun ni, tí kò tíì sí ìpàdé kankan, kí á béèrè ìwé òfin ilé àti ètò owó ọdún àkọ́kọ́, kí á fi ohun díẹ̀ kún iye tí wọ́n bá dá, nítorí ìtọ́jú ilé tuntun máa ń gbówó lórí bí ó ti ń gbó.

Lẹ́yìn èyí ni kí á wá ṣírò: iye tí a fi rà á, pẹ̀lú owó ìtọ́jú ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú ohun tí a ó fi pamọ́. Bí owó kajú àti owó oṣù ọmọ bá lè gbé e láìyá owó, kí á rà á. Bí kò bá lè gbé e, ilẹ̀ kékeré ní Savalou tàbí Bantè, tí ìwé rẹ̀ mọ́, sàn fún ẹbí ju fúláàtì tí gbèsè rẹ̀ yóò máa dé lóṣooṣù lọ.