Májèlé Eku Lè Padà Sínú Ìkòkò Ọbẹ̀: Bí Àgbẹ̀ Ṣe Lè Gba Ọgbà Èso Lọ́wọ́ Ọ̀yà àti Òkété

Àgbẹ̀ tí ó gbin ọsàn tàbí ọ̀pẹ mọ ìbànújẹ́ tí ó wà nínú kí ènìyàn dé oko lówùúrọ̀, kí ó bá ọ̀dọ́ igi tí wọ́n ti gé lulẹ̀ tàbí tí wọ́n ti bó èèpo ìdí rẹ̀ yípo. Ọ̀yà ni ó sábà máa ń ṣe èyí lóru. Òkété a máa hú irúgbìn tuntun jẹ, ọ̀kẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ a sì máa jẹ èso lórí igi lọ́sàn-án. Eyín iwájú àwọn ẹranko wọ̀nyí kì í dẹ́kun láti máa hù títí wọn yóò fi kú. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi yé gé nǹkan jẹ. Igi tí wọ́n bá sì bó yípo kì í sábà yè, nítorí inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń pèsè ń gbà lọ sí gbòǹgbò.

Inú bíbí ni ó ń mú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sáré lọ ra májèlé. Ṣùgbọ́n ẹran jíjẹ ni ọ̀yà àti òkété nílẹ̀ Yorùbá, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọ̀pọ̀ májèlé eku kì í pa ẹranko lójú ẹsẹ̀. Ń ṣe ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì lè gba ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹranko náà tó kú. Láàárín ìgbà yìí, ó lè rìn dé oko ẹlòmíràn, kí ó kó sí tàkúté ọdẹ tí kò mọ nǹkan kan, kí wọ́n sì sè é jẹ. Inú ẹ̀dọ̀ ni oró náà ń fara pamọ́ sí, iná ìdáná kì í sì í pa á. Ajá ọdẹ àti òwìwí tí ń bá àgbẹ̀ pa eku kò yọ sílẹ̀.

Ohun tí ó dára jù ni láti gba ibùba lọ́wọ́ wọn. Koríko gíga ni ọ̀yà ń sá sí, kì í fẹ́ gba ilẹ̀ gbalasa kọjá. Kí àgbẹ̀ ro ìdí igi kọ̀ọ̀kan yípo, ó kéré tán mítà 1, kí ó má sì kó koríko jọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá gbìn ín, kí ó fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ihò rẹ̀ kò ju íǹṣì 1 lọ yí i ká. Kí nẹ́ẹ̀tì náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wọ ilẹ̀ díẹ̀. Bí igi bá ti ń sanra, kí ó máa tú u fẹ̀ sí i. Nẹ́ẹ̀tì kò lè dá ọ̀kẹ́rẹ́ dúró; kí wọ́n tètè máa ká èso tí ó bá ti gbó, kí wọ́n sì máa ṣa èyí tí ó bá já bọ́.

Ẹranko tí ó bá tún kọjá èyí, ẹ̀bìtì àti tàkúté ni ó tọ́ sí i. Àwọn àgbà ní bí ẹ̀bìtì kò bá pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ẹ̀bìtì ṣì lè dá ẹyìn padà. Májèlé tí ó bá ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ kò ní ohun tí yóò dá padà.